Ká Tó Gbin Àgbàdo Ọdún Yìí: Bí A Ṣe Ń Mọ Irúgbìn Tó Dára

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, Ayétòrò

  Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí irúgbìn àgbàdo, kí n má sì pẹ́ jù. Mo gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú nìkan kò tó láti fi mọ irúgbìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó ka ọgọ́rùn-ún kóró, kó gbìn ín wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí òjò tó dé. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Kí ló fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí a bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín poro sí poro, àti 25 láàárín igi sí igi, éékà kan máa gba bíi 21,500 igi. Bó bá jẹ́ pé 60 péré ló hù nínú ọgọ́rùn-ún, igi tó máa dúró kò tó 13,000. Owó tí ẹ fi kọ ilẹ̀ kò dín. Owó ajílẹ̀ kò dín. Owó àwọn tó bá yín roko kò dín. Ìkórè nìkan ló dín. Ẹni tó ta irúgbìn fún yín lè dá owó àpò padà, ṣùgbọ́n ta ló lè dá òjò oṣù kẹta padà? Bí ẹ bá ní ẹ máa tún un gbìn, òjò ti lọ síwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àgbàdo jíjẹ wà, irúgbìn wà. Èyí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n lọ́jà, oúnjẹ ni. Ó lè jẹ́ pé oríṣi mẹ́ta mẹ́rin ló pàdé nínú àpò yẹn, èyí tó tètè ń gbó àti èyí tó ń pẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé orí títì ni wọ́n ti sá a, tí oòrùn ti se ojú rẹ̀ jinná. Ògì rẹ̀ á dára, ẹ̀kọ rẹ̀ á dán, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ọ́ di irúgbìn.

Oríṣi tí a ń gbìn náà ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 1950, àrùn kan tó ń mú kí ewé àgbàdo dà bí irin tó dípẹtà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ba oko jẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ara ohun tó mú kí àwọn olùwádìí ní Moor Plantation, n'Íbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbàdo tó lè dúró níwájú àrùn nìyẹn. IITA náà dé Ìbàdàn lọ́dún 1967. Láti ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo tó lè fara da àrùn ti jáde. Ẹni tó bá ń gbin àgbàdo ọjà kò mọ èyí tó gbìn, kò sì mọ àrùn tó lè fara dà.

Ó yá, kí ni ojú lè rí? Ẹ bu kóró sọ́wọ́, ẹ tú u ká sórí àtẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ó dọ́gba, kí ó kún, kí ó wúwo. Kí ó má fọ́, kí ó má bu, kí ó má rùn. Ẹ wo ibi ṣóńṣó tó so mọ́ ṣùkù, ibi tó funfun yẹn: ibẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ wà. Bí kòkòrò bá ti lu ibẹ̀, ó ti tán. Kóró tí kòkòrò lu lẹ́yìn ṣì lè hù, ṣùgbọ́n kò ní lágbára, torí oúnjẹ tó yẹ kó jẹ kó tó yọ ewé ni kòkòrò ti jẹ.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyẹn. Irúgbìn tí ilé iṣẹ́ ti fi oògùn pa lára máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ewé, kí èèyàn lè mọ̀ pé kì í ṣe jíjẹ. Oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè ra àgbàdo jíjẹ, kó po àró mọ́ ọn, kó dì í sí náílọ́ọ̀nù. Torí náà àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé irúgbìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, èyíkéyìí tó bá ti ní àwọ̀ oògùn, ẹ má sè é, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má dà á fún adìyẹ. Fífọ̀ ò lè mú májèlé kúrò níbẹ̀.

Lára àpò, ẹ wo orúkọ oríṣi àgbàdo náà, orúkọ ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò àti ìwọ̀n tí wọ́n ní ó ń hù. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó irúgbìn, NASC, ló ń fọwọ́ sí i. Òfin ọdún 2019 ló sì fún wọn lágbára tí wọ́n ń lò báyìí. Wọ́n ti ṣe lébẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní SeedCodex, tí ẹ máa họ bí a ṣe ń họ káàdì fóònù, kí ẹ fi fóònù yẹ nọ́ńbà ibẹ̀ wò. Bí àpò bá ti já, tí wọ́n ń bù ú tà ní kóńgò kóńgò, lébẹ́ẹ̀lì ò wúlò mọ́. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn.

Àwa tá a wà lẹ́bàá ààlà tún ní tiwa. Ẹrù ń wá láti Kétu àti Ìpòbẹ́, ẹbí wa ló sì wà níbẹ̀. Èdè Faransé ló máa ń wà lára àpò tó bá ti ọ̀hún wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni semence. Ìyẹn ni irúgbìn. Bó bá jẹ́ maïs nìkan ló wà níbẹ̀, àgbàdo lásán ló ń sọ, kò sọ pé gbígbìn ni. Irúgbìn ọ̀hún lè dára gan-an o, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n NASC tiwa kọ́ ló yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà ọwọ́ yín ni ìdánwò rẹ̀ wà.

Ìdánwò náà rèé. Ẹ ki ọwọ́ sí òkè àpò, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún kóró. Ẹ má ṣà á! Bó bá ṣe bọ́ sọ́wọ́ ni kí ẹ kà á, torí bí ẹ bá ṣa èyí tó rẹwà, ara yín lẹ̀ ń tàn. Ẹ da yanrìn tó mọ́ sínú bàsíà tó ní ihò lábẹ́, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, kó má rin gbindin. Ẹ gbìn ín ní ìlà mẹ́wàá, mẹ́wàá mẹ́wàá, kó wọlẹ̀ bí oríkèé ìka kan. Ẹ gbé e síbòòji, kí adìyẹ má débẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ẹ ka èyí tó yọ dáadáa. Èyí tó wọ́, tó ràn, tí ò ní gbòǹgbò gidi, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Bí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ẹ máa gbìn lọ. Bó bá wà láàárín 70 sí 84, ẹ fi kóró kún un. Bí kò bá tó 70, ẹ má gbé e dóko. Ẹ tún wo bó ṣe hù: bí àwọn kan bá yọ lọ́jọ́ kẹrin tí àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lọ́jọ́ keje, irúgbìn náà ti gbó nínú àpò, agbára rẹ̀ ti ń lọ.

Àwọn tó ń fi irúgbìn tiwọn pamọ́, ẹ ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ṣé hybrid ni tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tún un gbìn, torí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá, ìkórè á já wálẹ̀. Bí kì í bá ṣe hybrid, ẹ lè lò ó fún bí ọdún mẹ́ta kí ẹ tó ra tuntun. Ojú oko ni kí ẹ ti yan án, lára igi tó dúró dáadáa láàárín oko, kì í ṣe lára òkìtì nílé. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo kiri, torí náà etí oko tó sún mọ́ ti aládùúgbò kò dára. Ẹ má mú mẹ́ta mẹ́rin péré. Ẹ mú ti igi púpọ̀.

Kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ fi iyọ̀ tó gbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀; ẹ tún un sá. Wọ́n ní àgbàdo inú ìgò di àwòmọ́jú fún adìyẹ. Tiwa yìí, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ wa. Bó bá gbẹ, ẹ dì í sínú kẹ́ẹ̀gì tí atẹ́gùn ò lè wọ̀.

Mi ò ní kí a di gbogbo ẹ̀bi ru irúgbìn. Àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń wú u. Kòkòrò tó ń jẹ àárín ewé, tó dé ilẹ̀ wa lọ́dún 2016, ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíì gbìn ín jìn jù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ìdánwò fi dára: bí 90 bá hù nílé, tí 50 hù lóko, ẹ ti mọ̀ pé oko ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Lóṣù kejì, kí òjò tó dé, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú irúgbìn rẹ̀ wá síbì kan, ká jọ gbìn ín wò, kí akọ̀wé kọ orúkọ oríṣi rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rà á àti iye tó hù sínú ìwé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà nínú ìlú wa níbí. Ká ké sí wọn. Ká ké sí OGADEP náà. Kí olúkúlùkù tọ́jú rìsíìtì, lébẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn kan, nítorí ẹjọ́ tí ò ní ẹ̀rí, ariwo lásán ni. Bí ọdún méjì bá kọjá, ìwé yẹn máa sọ ẹni tó ń ta ojúlówó fún wa àti ẹni tó ń ta àgbàdo jíjẹ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ní ti irúgbìn, ká fi bàsíà yanrìn kan kún ojú.  Ọdún á yabo fún wa o.