Ẹni Tí Ó Ń Sùn Sínú Ọkọ̀

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí kò ní ilé tí yóò bọ̀ sí ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Ní ìlú wa yìí, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń sùn sínú ọkọ̀ wọn lálaalẹ́. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe olè. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, awakọ̀ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ṣe òfin tí ó dá Àbújá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991, ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀. Iṣẹ́ wà láàárín ìlú, ní Garki, ní Wuse, ní Maitama. Ṣùgbọ́n ilé tí agbára tálákà ká jìnnà, ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya, àní títí dé Mararaba tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ Nasarawa. Onílé a sì máa gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn ọdún méjì, láìka ti ejẹ́ńtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó lítà epo bẹntiróòlù kan ti kúrò ní ìsàlẹ̀ náírà 200, ó ti kọjá náírà 500. Ẹni tí ó ń ti Mararaba wá sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ wá rí i pé ojú ọ̀nà ni owó oṣù òun ń parí sí. Àwọn kan pinnu pé inú ọkọ̀ ni àwọn yóò máa sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ilé sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ó fi ń kó irinṣẹ́ kiri. Nígbà tí onílé rẹ̀ fi owó lé owó ilé, ó dá ìyàwó àti àwọn ọmọ padà sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà, ó tẹ́ fóòmù síbẹ̀, ó sì ń sùn lórí rẹ̀. Oṣù méje ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, yóò lọ sanwó wẹ̀ ní ibùdókọ̀, yóò wọ aṣọ tí ó mọ́, yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ àfi ọlọ́dẹ ilé ìjọsìn wa, ẹni tí ó ń ṣí géètì fún un kí ó lè gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi máńgòrò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo jáde láti pa ẹ̀rọ amúnáwá, mo sì rí bọ́ọ̀sì kan tí a fi aṣọ bo gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ má dá mi lẹ́bi ẹ̀rù náà. Ẹ rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ọkọ̀ kan gbé bọ́ǹbù wọ ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlú yìí. Ẹ rántí ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an, nígbà tí bọ́ǹbù bú ní ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St Theresa ní Madalla, bí àwọn ènìyàn ti ń jáde kúrò ní Mísà. Ẹ rántí ibùdókọ̀ Nyanya ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Mo kan gíláàsì. Ó jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo sọ fún un pé ọgbà ìjọ kì í ṣe ibi ìsùn, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ó wá ibòmíràn lọ. N kò béèrè ìdí tí ó fi ń sùn níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Fàdá. Mo ti gbọ́.”

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ọlọ́pàá bá a ní ẹ̀bá títì ní nǹkan bí agogo méjì òru. Wọ́n bi í pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, kò sì ní èyí tí yóò tọ́ka sí. Wọ́n rí irinṣẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n ní ohun èlò olè ni. Alẹ́ mẹ́ta ni ó sùn ní àtìmọ́lé, wọ́n sì béèrè owó kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Nígbà tí kátíkíísì wa lọ gbà á, púpọ̀ nínú irinṣẹ́ náà kò sí mọ́. Mo lọ kí i. Ó ní, “Ẹ má bínú, Fàdá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá kò dùn mí tó ti yín. Wọn kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Ẹ̀yin ni ẹ ṣe ìrìbọmi fún ọmọ mi kejì.” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè tí ọlọ́pàá béèrè kò burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wo ọkọ̀ tí ó dúró lóru. Èmi náà kò ṣe àìdára tí mo fi kan gíláàsì. Ibi tí àwa méjèèjì ti ṣìnà ni pé a jẹ́ kí ẹ̀rù bá wa dá ẹjọ́, lẹ́yìn tí ẹni náà ti dá wa lóhùn.

Òfin kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà inú wa rántí bí wọ́n ti ń kó ènìyàn ní Èkó látijọ́ lórí ẹ̀sùn wandering. Ní ọdún 1989 ni ìjọba fi òfin pa ẹ̀sùn náà rẹ́. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a bá mú gbọ́dọ̀ rí ìdí rẹ̀ gbà ní kíkọ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni a fún ọlọ́pàá láti gbé e dé iwájú adájọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ti ọdún 2015 tún pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá kọ gbogbo ohun tí a bá lọ́wọ́ ẹni tí a mú sílẹ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún arákùnrin wa, a ì bá mọ ibi tí irinṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ní ti bélì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń sùn sínú ọkọ̀ lálẹ́ òní, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Má ṣe dúró sí iwájú báǹkì, ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí ilé aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn. Má ṣe tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí o sì ti gíláàsì pa láti sùn, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní oró tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kó ìwé ọkọ̀ àti káàdì ibi iṣẹ́ rẹ sí ibi tí ọwọ́ rẹ yóò ti tètè tó wọn. Bí ọlọ́pàá bá kan gíláàsì, tan iná inú ọkọ̀, jẹ́ kí ó rí ọwọ́ rẹ méjèèjì, kí o sì kí i. Sọ òtítọ́. Má ṣe sáré, má ṣe pariwo, má sì fi owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mú ọ, béèrè orúkọ ọ̀gá wọn àti àgọ́ tí ẹ ń lọ, má sì fọwọ́ sí ìwé tí kò yé ọ. Kí ẹnì kan wà, ó kéré tán, tí ó mọ ibi tí o ń sùn. Ìtìjú kọ́ ni kí o sọ fún un.

Ní ti àwa tí a ní ọgbà tí ó ní géètì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìjọ wa, a ti yí ìlànà padà. Ọkọ̀ mẹ́rin lè sùn sínú ọgbà lálẹ́. Ọlọ́dẹ a máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, a máa wo inú rẹ̀, wọn a sì jáde ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. A kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò kí wọ́n lè mọ̀. A tún la ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sílẹ̀ fún wọn. Kò ná wa ju omi lọ.

Arákùnrin náà ti padà sí abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọkùnrin ìjọ ti ra díẹ̀ nínú irinṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ṣì ku púpọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà. Mo fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi: géètì tí ẹ̀ ń tì lálẹ́, ta ni ó wà ní ìta rẹ̀, ṣé ẹ sì ti béèrè orúkọ rẹ̀?

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé wa, kí ó sì ṣọ́ àwọn tí kò ní ilé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.