Ta Ni Yóò San Owó Bodè?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba ń gbà lórí ẹrù tó ń ti òkè òkun bọ̀, àti lórí ẹni tó ń bá olùtà gbé ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Kí ẹrù tó gbéra lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ó yẹ kí a ti mọ iye owó bodè rẹ̀ àti ẹni tí yóò san án. Kò dára kí ó jẹ́ ẹnu ọmọ tó gbé ẹrù wá ni oníbàárà yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìtumọ̀

Ẹ mọ èyí tẹ́lẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Owó bodè ni àwọn aṣọ́bodè, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, ń gbà lórí ọjà tó bá wọlé. Àdéhùn méjì ló wọ́pọ̀: DDP, tí olùtà fi ń san owó bodè, àti DAP, tí olùrà fi ń san án. Ẹgbẹ́ ìṣòwò àgbáyé tó wà ní Paris ló kọ́kọ́ tẹ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1936. Èyí tí a ń lò báyìí ni ti 2020. Ó tó.

Àwọn oníbodè

Owó bodè kì í ṣe ohun tuntun: láyé àtijọ́, àwọn oníbodè ń gbà á lójú ọ̀nà fún ọba àti ìjòyè, ó sì pẹ́ tí èmi àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń jiyàn lórí wọn. Wọ́n ní olè lójú ọ̀nà ni oníbodè ayé àtijọ́, pé ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pa òwò. Ẹnu àwọn oníṣòwò òyìnbó tó wà ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà. Àwọn yẹn ń ké pé owó tí àwọn ọba àti ìjòyè ń gbà lójú ọ̀nà kò jẹ́ kí ọjà rìn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, kí ni wọ́n fi ń ná ìnáwó ìlú? Owó bodè ni! Èyí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń wọ èbúté, pàápàá lórí ọtí líle, ló gbé ìjọba wọn ró. Wọ́n ń gba tiwọn létí omi, wọ́n wá ń pe tiwa ní olè. Mo ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìbéèrè yìí níbi tó pọ̀, n kò sì tíì gbọ́ èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, fi wà, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá, Ọ̀yọ́ sì ní aṣojú rẹ̀, Oníṣàrẹ́, ní Ìjànná. Ọ̀nà yẹn ni Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, gbà láti Àgbádárìgì nígbẹ̀yìn 1825, tó fi dé Ọ̀yọ́ Ilé ní January 1826. Ibodè tó wà lójú ọ̀nà, ojúlówó ibodè ni. Alájàpá mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé. Ó ti ka owó ẹyọ tí yóò san níbẹ̀ mọ́ iye tí yóò ta ọjà rẹ̀. Alárù tó ru ẹrù kì í jẹ oníbodè ní gbèsè. Ẹni tó ni ọjà ló ń dá a lóhùn. Ohun tí àwọn alátakò mi kò rí rí nìyẹn: kì í ṣe pé a gba owó ló ń ba òwò jẹ́, bí kò ṣe pé a gbà á lójijì, lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí.

N kò sọ pé kò sí ìrẹ́jẹ. Nígbà ogun, pàápàá ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibodè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, oníṣòwò sì jìyà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwà ogun ṣe òdiwọ̀n ìwà àlàáfíà. Ẹ lọ ka Samuel Johnson, ẹni tó ṣe alùfáà ní Ọ̀yọ́ níbí, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921.

Irú alájàpá tó ń mọ owó bodè kó tó kúrò nílé ni ìyá àgbà tó tọ́ mi. Wọ́n ṣòwò aṣọ ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà, títí di November 1969 tí ìjọba Busia níbẹ̀ ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá kò kàwé, ṣùgbọ́n wọn kì í ra ìdì aṣọ kan láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnubodè yóò gbà lórí rẹ̀. Wọ́n á ní, “Lẹ́yìn tí mo bá ti san ti ẹnubodè ni mo tó mọ̀ bóyá mo jèrè.” Àwọn tó kàwé lónìí ni kì í béèrè.

Lónìí

Ẹnì kan ní Owódé, ní Ọ̀yọ́, ra ẹ̀rọ kékeré láti China, láìsí ẹni tó sọ owó bodè rẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ti bá a san owó bodè ní Èkó, wọ́n fẹ́ gbà á padà, wọ́n sì fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e. Ọlọ́kadà tí kò mọ ohunkóhun ni wọ́n ní kó gbé ẹrù lọ, kó sì gba owó náà wá. Oníbàárà bínú, ó pè é ní gbájúẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ sì gbé ẹrù padà.

Bẹ́ẹ̀ ìṣirò owó bodè kò pamọ́. ECOWAS pín owó bodè sí ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2015. Irú ọjà ló ń sọ ìpele rẹ̀. Ká ní iye ọjà, owó ọkọ̀ àti ìdójútòfò jẹ́ ₦100,000, tí ọjà sì wà ní ìpele 20: owó bodè di ₦20,000. VAT, tí í ṣe 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, a ó ṣírò rẹ̀ lórí ₦120,000, ₦9,000 nìyẹn. Àpapọ̀ ₦29,000, láìka àwọn owó kéékèèké mìíràn. Olùtà tó bá fẹ́ sọ ọ́ fún oníbàárà ṣáájú lè sọ ọ́.

Ẹ sì jáwọ́ nínú bíbẹ olùtà pé kó kọ iye kékeré síwèé. Bí aṣọ́bodè bá mọ̀, wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Bí ẹrù bá sọnù, iye kékeré yẹn náà ni ẹ ó fi béèrè owó yín padà.

Ẹrù kéékèèké

Láti September 2025, ẹrù tí kò ju $300 lọ kò san owó bodè ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré lọ́dún fún ẹnì kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yìí lọ́wọ́ yín lórí ẹrù tí òfin ti yọ sílẹ̀.

Ọjà tiwa tó ń lọ

Igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ náà ń kọjá ibodè. Láti January 2021, olùtà ló ń gba VAT lórí ẹrù tí kò ju £135 lọ tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju $800 lọ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti pa àǹfààní náà tì ní August 29, 2025. Ẹni tó bá ń ta igbá fún àwọn èèyàn wa ní Houston gbọ́dọ̀ sọ owó bodè fún wọn kó tó gba owó ọjà.

Ẹ̀yin akẹ́rù, kí ẹ tó gba ẹrù ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí wébíìlì: iye owó bodè, bóyá a ti san án, àti orúkọ ẹni tí yóò san án bí a kò bá tíì san án. Èyí tí wọn kò bá kọ ọ́ sí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.