Bí Àwọn Olùdíje Kò Bá Kan Ilẹ̀kùn Yín Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ìdìbò ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Houston, ní Maryland tàbí ní Atlanta, tí wọ́n ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé: "Ṣé ìbò tèmi tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ìdìbò náà ṣe rí. Kì í ṣe gbogbo ìbò Amẹ́ríkà ni wọ́n ń dà pọ̀ láti mọ ẹni tó wọlé. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú olùdìbò tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń wo iye èrò ibẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Gbogbo wọn jẹ́ 538, ẹni tó bá sì ní 270 ló di ààrẹ. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo, ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùdíje kì í fi náwó sí ibi tí wọ́n ti mọ bí yóò ṣe já sí. Kò sí ẹni tí í ná ọjà tó ti wà nínú àpò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún ni wọ́n ń sá tọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọn sì ti ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Ohio. Láti 1964 títí dé 2016, kò sí ẹni tó borí nínú ìdìbò ààrẹ tí Ohio kò dìbò fún. Ní 2004, nǹkan bí 118,000 ìbò ni George W. Bush fi borí John Kerry níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Kerry ló mú Ohio ni, òun ni ìbá di ààrẹ. Ní 2012, kò sí ìpínlẹ̀ tí Barack Obama àti Mitt Romney polongo dé tó Ohio. Láyé ìgbà náà, bí ará Ohio bá húkọ́, Washington a béèrè ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí Bush fi owó ibodè kún irin tó ń wọlé láti òkè òkun ní oṣù kẹta ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìbò àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Ohio, Pennsylvania àti West Virginia ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kógbá sílé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ Democrat tẹ́lẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ Republican. Èrò Ohio kò pọ̀ sí i bíi ti ibòmíràn, nítorí náà aṣojú 26 tó ní ní 1964 ti di 17 ní 2024. Ní 2020, Donald Trump borí níbẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ Joe Biden ló di ààrẹ. Nígbà tó fi di 2024, bí JD Vance tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ohio, ìpínlẹ̀ méje mìíràn ni wọ́n ń du: Pennsylvania, Michigan, Wisconsin, Georgia, North Carolina, Arizona àti Nevada. Florida náà, tó jẹ́ pé 537 ìbò péré ló fi gbé Bush wọlé ní 2000, kò sí nínú wọn mọ́.

Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ aláìsàn tó wà ní Cleveland kò nílò oògùn mọ́ bí? Ṣé ọmọ tó wà ní Youngstown kò nílò ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ni? Àìní wọn kò yí padà. Ojú tí àwọn olóṣèlú fi ń wò wọ́n ló yí padà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Èkíní, ọlá tí wọ́n bù fún ẹnìkan nítorí ìbò rẹ̀ nìkan kì í ṣe ìfẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ olùdíje tó jẹ́ olódodo, ẹ wo ohun tó ṣe fún ibi tí kò ti retí ìbò.

Èkejì, ilẹ̀kùn tó tì lè tún ṣí. Láti 1996 títí dé 2016, Republican ni Georgia ń dìbò fún. Ṣùgbọ́n agbègbè Atlanta ń kún sí i, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àlejò láti òkè òkun, àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú, ń kó wá síbẹ̀. Àwọn ènìyàn forúkọ sílẹ̀, àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú sì ń kó ọmọ ìjọ lọ dìbò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Ní 2020, 11,779 ìbò ni Biden fi borí níbẹ̀. Ní 2024, ó tún padà sọ́dọ̀ Trump. Bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti jókòó sílé pé ọ̀rọ̀ ti parí, ta ni ìbá yà sọ́dọ̀ wọn?

Ẹ̀kẹta, orúkọ ààrẹ nìkan kọ́ ló wà lórí ìwé ìdìbò. Ní Texas, tí olùdíje ààrẹ kì í sábà yà sí, àwọn ará ìlú ló ń dìbò yan adájọ́, olórí ọlọ́pàá àgbègbè tí wọ́n ń pè ní sheriff, àti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Adájọ́ yẹn lè jẹ́ ẹni tí ọmọ yín yóò dúró níwájú rẹ̀. Ìbò díẹ̀ ló sábà máa ń pinnu irú èyí.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù. Ẹni tó bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè, kí ó forúkọ sílẹ̀, kí ó sì dìbò láti òkè ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ìwé ìgbéélùú nìkan ló ní, kí ó má ṣe súnmọ́ àpótí ìbò ààrẹ o, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, wọ́n sì lè dá a padà sílé nítorí rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Kí àwọn fúnra wọn jáde.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.