ǸJẸ́ FÍDÍÒ KÉKERÉ Ń TA ỌJÀ? ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌPOLÓWÓ LÓRÍ FÓÒNÙ, PẸ̀LÚ ÀFIYÈSÍ SÍ ÌLOBÙÚ ÀTI ÌFỌ́N-Ọ̀ṢUN



1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín kò ṣòro í gbọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Bí oníṣòwò kan bá gbé fóònù rẹ̀ sókè, tí ó ya fídíò kékeré nípa ọjà rẹ̀, láìsí orin, láìsí òṣèré, tí ó sì fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ǹjẹ́ ọjà náà yóò tà? Àwọn kan sọ pé yóò tà wàrà-wàrà. Wọ́n tilẹ̀ ń gba owó láti fi kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni. Èrò tèmi ni pé fídíò lásán lè pe oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń mú kí ó tú owó sílẹ̀.

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni n ó fi ṣe òpó àlàyé mi. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn ní ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìfọ́n ni ti Òròlú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn òrìṣà yóò rántí pé orúkọ Ìfọ́n yìí wà nínú Òrìṣà Olúfọ́n tí a ń bọ títí dé ilẹ̀ Brazil. Bí orúkọ ṣe ń rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ lọ kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀.

2. Ìpolówó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni ìpolówó ọjà fi di ọ̀kan nínú ohùn ẹnu Yorùbá. Ẹlẹ́kọ a máa kígbe ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Olóòlẹ̀ a máa sọ pé tòun gbóná. Alágbàdo a máa sọ pé tòun gbó. Ìpolówó wọn kúrú, ó sì já gaara: orúkọ ọjà, ipò tí ó wà, àti ohun tí ó fi dára ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n irú ìpolówó kejì wà, èyí tí a ń gbọ́ nínú ọkọ̀ èrò. Ẹni tí ń ta oògùn yóò dìde, yóò kí èrò, yóò gbàdúrà fún awakọ̀. Kò ní dárúkọ oògùn rẹ̀ ní kíákíá. Àìsàn ni yóò kọ́kọ́ kà sílẹ̀, títí ara yóò fi máa bu olúkúlùkù jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ìtàn àwọn tí oògùn náà ti wò sàn, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Iye tí ó kọ́kọ́ dá yóò ti di ìdajì kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ tí ó kàn. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídùn kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọ̀la ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọ̀ọ̀lẹ̀ bá kan lónìí, àwọn ọmọ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún olóòlẹ̀ lọ́la. Olóògùn inú ọkọ̀ kò ní ọ̀la kankan pẹ̀lú àwọn tí ó tà fún. Nígbà tí a bá rí fídíò ìpolówó, ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: èwo nínú àwọn méjèèjì ni èyí?

3. Àwọn tí fídíò ń dé ọ̀dọ̀ wọn

Ní oṣù kejì ọdún 2017 ni WhatsApp ṣí àyè tí ènìyàn lè fi àwòrán àti fídíò sí fún wákàtí 24, kí wọ́n tó parẹ́. Àwọn oníṣòwò wa tètè gbà á bí ọjà àárọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ara wọn ni ó ń rí i: ará ilé, ọmọ ìjọ, ẹlẹgbẹ́ asùnsùn, oníbàárà àná. Bí ìpolówó olóòlẹ̀ ni ó rí. Ó ń kọjá lọ, a sì ní láti tún un ké lọ́la. Níbi báyìí, fídíò tí kò ní ọ̀ṣọ́ ń ṣiṣẹ́, nítorí a ti mọ ojú àti ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Lórí Facebook àti ojú-ewé mìíràn tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àjèjì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wò. Oníṣòwò ní láti wá ohun tí yóò dúró ní ipò ìmọ̀ra-ẹni. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ QVC tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986 ń ta ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n: ènìyàn kan a gbé ọjà lọ́wọ́, a yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, a sì dá iye rẹ̀. Ẹni tí ọjà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dá a padà. Nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ó gbà kí oníbàárà má san owó títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwòrán nìkan kò tó.

4. Ohun tí ojú kò lè rí

Ọjà kò rí bákan náà. Ojú lè mọ àwọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá àwọ̀ náà yóò ṣí nínú omi. Èlùbọ́ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ń gbóòórùn rẹ̀, a ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. A kì í ra gààrí láìdà díẹ̀ sẹ́nu. Oníṣòwò tí ó gbọ́n yóò fi fídíò ṣe ohun tí ọwọ́ ìbá ṣe: yóò fọ aṣọ náà níṣojú wa, yóò ro àmàlà náà kí a rí i, yóò wọn kóńgò rẹ̀ kún, yóò sì bu èènì lé e. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí ó kún fún orin lọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó tún wà níbẹ̀. Nínú ọjà wa, nínájà jẹ́ apá kan ìkíni. A kì í dájú iye lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbé àṣà yìí lọ sórí fídíò, wọ́n ní kí a pe àwọn kí a tó mọ iye. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lókèèrè ti ná owó dátà láti wo fídíò. Kò fẹ́ ná owó ìpè mọ́ ọn. Ó tún ń fura pé ohùn òun ni a ó fi díye lé òun. Yóò kọjá lọ.

5. Fídíò, ọ̀nà àti àlàáfíà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, aáwọ̀ ààlà ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ láàrin Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tún di ìjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. N kò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀ níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a fiyèsí ni pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, fídíò lè fo ààlà tí ẹsẹ̀ kò lè kọjá. Ẹni tí ó wà ní Ìfọ́n lè rí èlùbọ́ tí ó wà ní Ìlobùú. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ náà kò lè gba inú fóònù kọjá. Ọlọ́kadà ni yóò gbé e, ní ọ̀nà tí ó ní láti wà ní ṣíṣí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀nà ọjà ni ó nílò àlàáfíà. Bí aládùúgbò kò bá fọkàn tán aládùúgbò, kò sí fídíò tí yóò ta ọjà láàrin wọn. Orúkọ tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlobùú ń jẹ́ ti sọ ọ́ tán: ìrẹ́pọ̀ dùn.

6. Ìkádìí

Ìdáhùn mi ni pé fídíò kékeré ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó ní ọ̀la pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀. Kí oníṣòwò fi ojú ara rẹ̀ hàn, kí ó sọ ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, kí ó dá iye, kí ó sì sọ bí a ó ti dá ọjà padà. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá béèrè pé kí ọjà bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ní ti ẹni tí ń rà, kí ó kọ́kọ́ ra díẹ̀ wò.

Òwe kan sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí èké a máa pariwo. Ní ọjọ́ ọjà kejì, ẹni tí ó ra èké kò ní padà wá mọ́. Oníṣòwò tí ó bá lè dúró de ọjọ́ kejì yẹn ni fídíò wúlò fún.