Ẹsẹ̀ Méjì, Odù Kan: Ìyapa Òṣèlú àti Ẹnu Tí Tọ̀tún-Tòsì Gbà Gbọ́

Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Ọdún Ifá

     

Ìyapa tí òṣèlú ń dá sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, ṣùgbọ́n ojú ọpọ́n ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Odù 256 ni awo ń tẹ̀. Nínú wọn, 16 péré ni Ojú Odù, àwọn tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì wọn jẹ́ bákan náà. Nínú 240 yòókù, ohun tí ó wà lọ́tùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lósì. Ogbè lè wà lọ́tùn-ún kí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì. Ogbèyẹ̀kú ni babaláwo yóò pè é. Bí àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ àyè, Odù mìíràn ló dé. Síbẹ̀, kò sí awo tí yóò wo irú Odù bẹ́ẹ̀ kí ó ní ó ti fọ́ sí méjì. Orúkọ kan ni ó ń jẹ́, ẹnu kan ni ó sì fi ń bá ẹni tí ó wá dá Ifá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn ni ìyàtọ̀, Odù 240 ni ìbá máa ṣàìsàn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń tú ìlú ká? Ohun tí ojú rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láàrin ọdún 1962 sí 1966 lè dáhùn.

Ọdún 1951 ni ẹgbẹ́ Action Group jáde sí gbangba, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ni olórí rẹ̀. Igi ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ náà, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Àkùkọ ni àmì NCNC tí ó ń bá a du ipò. Igi tí ń so ikin ni àwọn olóṣèlú gbé ka orí àsíá, ṣùgbọ́n ikin fúnra rẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Ọlọ́pẹ ń dá Ifá, Alákùkọ náà ń dá Ifá.

Ní ìparí ọdún 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó lọ ṣe olórí àwọn alátakò ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Igbákejì rẹ̀, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni ó bọ́ sí ipò náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di méjì. Ṣé kí ẹgbẹ́ náà bá àwọn tí ń ṣàkóso Nàìjíríà ṣe pọ̀ ni, àbí kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò? Ta ni ó láṣẹ jù, olórí ẹgbẹ́ ni tàbí olórí ìjọba? Àríyànjiyàn tí ó bójú mu ni. Àgbà méjì lè rí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì láìsí ọ̀dàlẹ̀ nínú wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá kúrò lórí oyè. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó jẹ́ Gómìnà nígbà náà, gba ìwé yìí, ó yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ni àwọn aṣòfin kan gbé sókè dípò ọwọ́. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, ilé sì túká. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ipò gómìnà bọ́ lọ́wọ́ Ọọ̀ni. Ìtẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo ilé Oòduà máa sá wá sí ìdí rẹ̀ bá ara rẹ̀ láàrin ìjà ọmọ méjì.

Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó, àwọn adájọ́ ní ìwé tí a fọwọ́ sí kò tó, àfi kí ilé dìbò. Ẹjọ́ kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá Adégbẹ́nró láre ní ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ti wà lọ́wọ́ ìhà kejì nígbà náà, yí òfin padà, wọ́n sì mú kí òfin tuntun náà ṣiṣẹ́ sẹ́yìn, kí ìdájọ́ má baà ní ipá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ní ọdún 1964, Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni ìdìbò wáyé. Ìhà kan kéde pé òun ni ó wọlé, ìhà kejì kéde bákan náà. Nígbà tí kò sí ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ tàbí àpótí ìbò tí tọ̀tún-tòsì gbà gbọ́ mọ́, epo bẹntiróò ni ó gba ipò wọn. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n pe ìgbà náà, nítorí pé wọ́n ń da epo lé ilé àti ènìyàn lórí kí wọ́n tó ṣá iná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun gbàjọba. Akíntọ́lá wà lára àwọn tí wọ́n pa, bẹ́ẹ̀ náà ni Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba àpapọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Kì í ṣe ìyàtọ̀ èrò ni ó ba ilé jẹ́. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí ọ̀tún àti òsì ti máa pàdé ni ìhà kan tàbí èkejì gbà ṣe tirẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹnu kan tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé "o jẹ̀bi" tí yóò sì gbà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlú tí gbogbo àgbà rẹ̀ bá ti di agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, kò sí ẹni tí yóò pa iná níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba ńlá ti pa irú iná bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 1877 ni Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà ṣì dúró ní ìhà kejì. Kò sí ẹni tí ó borí. Àwọn oníṣẹ́ bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Àlùfáà ìjọ Kristi ni wọ́n, wọn kì í ṣe awo, ṣùgbọ́n ibùdó méjèèjì gbà láti gbọ́ ohùn wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Wọn kò ní kí Ìbàdàn di Èkìtì, wọn kò sì ní kí Èkìtì máa sin Ìbàdàn. Ìlú kọ̀ọ̀kan yóò dá dúró. Ó di ọdún 1893 kí àwọn jagunjagun tó fi pápá sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀ràn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tí àdéhùn náà kò rí yanjú, àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n tún jà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Àlàáfíà kò béèrè kí ọ̀tún di òsì, ṣùgbọ́n kì í dúró lórí ẹjọ́ tí a bò mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni èyí yàn fún awo? Ìlànà Ifá ti sọ ọ́. Ẹni tí ó wá dá Ifá ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí owó tàbí ikin ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo kò gbọ́. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìbò, inú ọwọ́ ẹni náà ni a ń pa á mọ́ sí, babaláwo kò sì mọ èyí tí ó wà nínú ọwọ́ wo. Àwọn àgbà ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ìfẹ́ inú awo má baà wọ inú ohun tí Ifá ń wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń wá pẹ̀lú òfin rẹpẹtẹ, ó ti wà lẹ́bàá ọpọ́n tipẹ́: ẹnu tí kò lè ṣègbè, nítorí kò tilẹ̀ mọ ìhà tí ẹjọ́ wà.

Ìdí nìyí tí ewu fi wà nínú awo tí ó bá jókòó ti olóṣèlú kan, tí ó ń kéde pé Ifá ti yan onítọ̀hún kí ìdìbò tó dé. Awo lè dìbò, ó lè ní ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn. Ọmọ ìlú ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé ọpọ́n wọ inú ẹgbẹ́, ọ̀tá ẹgbẹ́ náà kò ní lè wá dá Ifá lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ibì kan sì ti dín nínú àwọn ibi tí tọ̀tún-tòsì ti ń pàdé. Ti fóònù náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń pe ìdílé tàbí ẹ̀yà kan ní ọ̀tá ìlú, tí ọmọ awo fi ránṣẹ́ láìwádìí, epo bẹntiróò ni. Ẹni tí ó bá gbé e kiri kò lè sọ pé òun kọ́ ni òun ṣáná.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ìdìbò mìíràn bá dé, ẹgbẹ́ yóò pọ̀, àmì yóò pọ̀, ariwo yóò sì ta. Kí ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó fìdí rẹmi lè bára wọn pàdé lẹ́nu ọ̀nà babaláwo kan náà, kí ọ̀kan máa jáde bí èkejì ti ń wọlé, kí wọ́n sì kí ara wọn.

Kí Ifá má jẹ́ kí ilé Oòduà tú. Kí ọ̀tún má gbàgbé òsì. Àbọrú, àbọyè.