Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)



Bí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ kan bá ti dẹnu kọlẹ̀, ǹjẹ́ ó lè gbérí mọ́? Èmi ní ó lè gbérí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ru ẹrù náà?

Ẹ wo Gánà. Àwọn àgbà inú yín rántí oṣù kìn-ín-ní 1983, tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà ló di ẹrù wọn sínú àpò tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ebi ló lé wọn wá. Ebi náà ló ń dúró dè wọ́n nílé.

Ní 1965, kòkó Gánà ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 1984, kò pé 160,000. Ọ̀dá àti iná igbó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó táṣẹ́rẹ́ ni ìjọba ń san fún àgbẹ̀, ni wọ́n bá ń fi fàyàwọ́ gbé kòkó lọ sí Tógò àti Ivory Coast. Ọ̀nà bàjẹ́, lọ́rì kò rí pààtì, kòkó há sínú oko. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ní oṣù kẹrin 1983, ìjọba Rawlings bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Wọ́n fi kún owó kòkó, wọ́n tún ọ̀nà ṣe. Láti 1984 ni nǹkan ti ń gbérí. Ní 2011, kòkó wọn kọjá mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù.

Ta ló wá san owó àtúnṣe náà? Dọ́là kan tó jẹ́ sídì 2.75 di sídì 30 kí 1983 tó parí. Wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba dúró, wọ́n sì fi kún owó ìwòsàn. Síbẹ̀, ní 2022, gbèsè tún mú wọn lọ́rùn, wọn kò rí i san mọ́, wọ́n sì tún padà sọ́dọ̀ I.M.F.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun títà ni kí a kọ́kọ́ san owó gidi fún. Ìkejì, gbèsè lè tún wó ohun tí a fi òógùn kọ́. Ìkẹta, bí wọ́n bá ní kí a fara dà á, kí ẹgbẹ́ bi wọ́n pé: títí di ọjọ́ wo? Kí ni àwọn ọ̀gá yóò fi sílẹ̀? Ibi tí wọ́n ti ń pín ẹrù ni kí a wà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbé e ka ènìyàn lórí nìkan.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.