Àpẹẹrẹ Ìwé Kíkọ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí fún Ẹni tí Ń Wá Iṣẹ́ Àkọ́kọ́



Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gboyè nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n máa ń wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, rédíò àti ilé ìtẹ̀wé. Níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Wọn a ní kí ẹni náà mú àpẹẹrẹ ohun tí ó ti kọ wá. Kí ni ẹni tí kò ì tíì ṣiṣẹ́ rí yóò mú wá?

Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe ohun tí a tẹ̀ jáde nìkan ni àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ní ohun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbé odindi rẹ̀ lọ. Kí ó yan ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì tún un kọ fún ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń wá, kí ó fi ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì kan àti ìtumọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ pọ̀, kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Kí ó ṣọ́ àkọtọ́ pẹ̀lú. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, ‘aiye’ ti di ‘ayé’, ‘nwọn’ sì ti di ‘wọ́n’. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò bá a kà á. Ṣùgbọ́n ìbánikà kì í ṣe ìbánikọ: lóde òní tí kọ̀ǹpútà ń kọ ìwé fún ènìyàn, ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí ẹlòmíràn ni ó gbé wá.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olùgbanisíṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá pín ìwé kan fún ogún ènìyàn láti túmọ̀, tí ó tẹ̀ ẹ́ tà, tí kò sì gba ẹnikẹ́ni, òun ni òwe ń bá wí: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Kí wọ́n béèrè ohun kékeré. Bí wọn yóò bá lò ó, kí wọ́n san owó rẹ̀.

Ọmọ tí kò ní ojúlùmọ̀ nílé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ojú ìwé mẹ́ta tí ó kọ dáradára lè jẹ́ alágbàwí kan ṣoṣo tí ó ní. Ó tọ́ kí àwa olùkọ́ bá a tọ́jú rẹ̀ kí ó tó fi ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀.